Kí Ló Tó?

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, fetí sílẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, tó pariwo pé "Ó tó!", má tíì ṣe nǹkan kan. Kọ́kọ́ bi í pé kí ló tó. Jẹ́jẹ́ ò bèèrè, ohun tí ojú rẹ̀ rí nìyí.

Ọdún méjìlélógún ni Jẹ́jẹ́ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré fún ilé ìkẹ́rùsí kan. Kò fi ọkọ̀ ha ògiri rí, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí máníjà ṣe kó gbogbo ọkọ̀ kékeré dànù, tó lọ gbé tirela dé, èyí tí orí rẹ̀ dá wà, tí ìdí rẹ̀ náà dá wà, tí àwo irin ńlá kan sì so wọ́n pọ̀ láàárín. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀yìn tirela wọ ẹnu ọ̀nà kẹta tí wọ́n ti ń já ẹrù, láàárín àgbá méjì. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, á lọ máa ṣí géètì fún àwọn tó lè ṣe é.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì fẹ́ fẹ̀yìn tì lóṣù yẹn. Gbogbo ìgbà tí Jẹ́jẹ́ bá ń kọjá ni bàbá ń nu àga onígi rẹ̀.

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ dè ọ́ ni o, Jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ kan ló ń mì. Tó o bá rọra jókòó, kò ní dà ọ́ nù."

Jẹ́jẹ́ á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Àga nìkan kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti sọ nílé pé òun ti yege. Ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ òótọ́ nínú ẹbí ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó ti wa tirela níbòmíràn fún ọdún mẹ́sàn-án kí máníjà tó gbà á síṣẹ́. Òun ló ń kọ́ ọ nínú ọgbà, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìdí ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, òsì lẹ máa yí sítiárìn sí."

"Òsì kẹ̀? Kó lè lọ sọ́tùn-ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irú ọkọ̀ wo ló wá dà bí àna tó ń bínú yìí? O ní kó máa bọ̀, ó ń lọ!" Ó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí o."

"Mo mọ̀, sà. Màmá wa ni."

Ó yí i. Orí lọ síbí, ìdí lọ sọ́hùn-ún, tirela ká kò bí ajá tó fẹ́ já ìrù ara rẹ̀ jẹ. Ó tún un ṣe, ó tún ká kò. Lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn bò ó. Àbúrò ìyàwó gòkè wá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lókè sítiárìn, ó fi í sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ gbàgbé ọ̀tún, ẹ gbàgbé òsì. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Ibi tí ọwọ́ yín bá gbà, ibẹ̀ ni ìdí ẹ̀ máa gbà."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn. Jẹ́jẹ́ di ìsàlẹ̀ mú. Ìdí tirela gbọ́ràn! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé dígí. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ géètì lòun ń lọ.

"Ó tó!" ni àbúrò ìyàwó ké.

Jẹ́jẹ́ rò pé àyè ló tó. Ó ń bọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ó tó o!"

"Mo gbọ́! O ṣé, àbúrò!"

Àfi kàà!

Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, àga onígi ti di igi ìdáná. Bàbá géètì, tó lọ bu omi mu, dúró ti òun ti ife lọ́wọ́.

"Jẹ́jẹ́, tó ò bá fẹ́ jókòó, ṣebí ẹnu lo máa fi sọ ọ́."

"Ó ní ó tó," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró ni, sà!"

"O ò ní kí n dúró. O ní ó tó. Èmi rò pé àyè ló tó."

"Ìyà tó ń jẹ mí ló tó, sà!"

Wọ́n wá fẹnu kò: láti ọjọ́ náà, kò sí "ó tó" mọ́. Bó bá yẹ kó dúró, "Àga!" ni àbúrò ìyàwó máa ké. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣi ìyẹn gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Máníjà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kẹta pẹ̀lú ìwé àti bírò. Awakọ̀ méjì ti ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró jìnnà sí ògiri, páálí ọjà sì ń já bọ́ sáàárín. Ó kan Jẹ́jẹ́. Àbúrò ìyàwó bọ́ sẹ́yìn tirela. Jẹ́jẹ́ di ìsàlẹ̀ sítiárìn mú. Àgbá kan kọjá nínú dígí. Ìkejì kọjá.

"Ó tó!" ni máníjà ké.

Jẹ́jẹ́ ń bọ̀.

"Mo ní ó tó!" Máníjà fò sẹ́yìn, bírò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ gbọ́. Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó pe àga. Àbúrò ìyàwó wo àlàfo tó kù, ó lanu, ó tún pa á dé. Ó dúró díẹ̀ sí i.

"Àga!"

Jẹ́jẹ́ tẹ búréèkì. Rọ́bà ìdí tirela fara kan rọ́bà ara ògiri, bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ́ ọmọ ọwọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà.

Máníjà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó. "Mo ní kó o dúró, o ò dúró."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ká ní o dúró, páálí ì bá máa já bọ́ bíi tàwọn yòókù." Ó mú bírò rẹ̀ nílẹ̀, ó fàmì sí i pé ó yege. Irọ́ tí Jẹ́jẹ́ pa nílé di òótọ́ lójú ẹsẹ̀. "Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe mọ ibi tó yẹ kó o dúró? Kí sì ni ti àga?"

Jẹ́jẹ́ wo àbúrò ìyàwó. Ìyẹn ń wo ojú ọ̀run. Bàbá géètì, tó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, húkọ́.

"Ẹ bi í dáadáa, sà."

"Sà," ni Jẹ́jẹ́ wí, "ẹ̀yin náà lẹ ní ó tó. Ó ti tó nìyẹn. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."