Àjíǹde Afinihàn

"Jí i dìde," Ìbítóyè wí. "N kò ní kí o sọ ọ́ di èèyàn rere o. Ṣáà jí i dìde."

Qúdrát kò gbé ojú kúrò lórí bébà tó wà níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kígbe ikú rẹ̀ sínú maikirofóònù."

"Mo kígbe lóòótọ́, àmọ́ ta ló rí òkú? Kàǹga ni o jù mí sí. Ẹni tó já sí kàǹga tí a kò gbé òkú rẹ̀ jáde, ẹnu lásán la fi pa á."

Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Ìlaròó ni wọ́n jókòó sí. Qúdrát ló ń kọ eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìlú Òkè Àwọsánmà. Nínú eré náà, àwọn èèyàn ti kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n ń gbé nínú àwọn ìlú onírin tó léfòó lójú ọ̀run, mànàmáná sì ni ọkọ̀ wọn ń jẹ bí ẹṣin ṣe ń jẹ koríko. Ìbítóyè, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ló ń ṣe Afinihàn, oṣó olójú bàbà tó ń rí ọkọ̀ oúnjẹ láàárín àwọsánmà, tó sì ń tọ́ka wọn fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Oṣù tó kọjá ni Qúdrát tì í sínú Kàǹga Mànàmáná.

"Láti ìgbà tí o ti pa mí," Ìbítóyè ní, "kò sẹ́ni tó ń pè wá lórí fóònù mọ́. Ìyá àgbà kan láti Ayétòrò ní òun ti padà sídìí ìròyìn. Ìyàwó mi gan-an kò bẹ̀rù mi mọ́."

"Ṣé ó bẹ̀rù yín rí?"

"Ó máa ń díbọ́n."

Qúdrát kò rẹ́rìn-ín. Ìbítóyè mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba ti ibodè pa kí ìrẹsì òkèèrè má baà wọlé, Husain, àbúrò Qúdrát, ń fi ọ̀kadà gbé ìrẹsì gba ọ̀nà igbó tó wà lẹ́yìn Ẹ̀gùá. Fágbénró, oníṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Pàháyì, ló ń gbé e wá fún. Lọ́jọ́ kan, àwọn aṣọ́bodè dúró dè é níbi tí ọ̀nà náà ti pín sí méjì, ibi tí àlejò kan kò lè mọ̀. Husain yí ọ̀kadà padà, ó sáré, ó forí sọ igi. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn aṣọ́bodè já ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù káàkiri Pàháyì, wọ́n kó ìrẹsì wọn. Ti Fágbénró nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn.

Qúdrát kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó, ó dá Afinihàn. Ó fún un ní ikọ́ Fágbénró, èyí tó máa ń hú kó tó sọ̀rọ̀, ó sì fún un ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, "Ọ̀rọ̀ mi kò gùn," tí ọ̀rọ̀ yóò sì gùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Fágbénró rèé!" Nígbà tó wá pa á, ní tirẹ̀, ó fẹ́ kó dúró sínú kàǹga náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Fágbénró fúnra rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ó mú fìlà lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, gbogbo ẹsẹ̀ sòkòtò rẹ̀ ló ti pọ́n fún eruku.

"Ìyá Toheebat, ẹ kú iṣẹ́," ó kí Qúdrát.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì. Ikọ́ gbé e, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kíákíá bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Ọ̀rọ̀ mi kò..." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ti sọ mí dòkú ní ìlú yìí."

"Ta ni wọ́n?"

"Gbogbo wọn. Bí mo bá na ọwọ́ sí ọlọ́kadà, á ní àwọn kì í gbé òkú láìsí ẹbí. Ìyá aláta ń gbé ata mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ wa má baà kan ara. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí ìpàdé àdúgbò, alága ní kí gbogbo ilé dìde kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ fún mi. Wọ́n dìde, wọ́n sì tẹ orí ba. Èmi náà dìde, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Rọ́fíàt ìyàwó mi, bó bá lọ pọnmi, wọ́n á ní, 'Ẹ kú ìrọ́jú o.'"

Ní yàrá kejì, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìbítóyè, ó sì gbé e mì.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Qúdrát bi í.

"Ẹ jí mi dìde nínú eré yín. Ẹ jẹ́ kí n burú. Kí n burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò kọ̀. Èèyàn burúkú ṣì ń rẹ́ni kí i."

"Ẹ tọ́ka Husain."

"Mo tọ́ka ọ̀nà. N kò tọ́ka èèyàn."

"Ta ló ń gba ọ̀nà náà?"

Fágbénró ká fìlà náà mọ́wọ́. "Àwọn aṣọ́bodè ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní àwọn á kó ọjà, àwọn á kó èmi náà. Mo rò pé ìrẹsì ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì máa lọ sílé."

"Ẹ bá wa kó iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa."

"Mo kó o."

"Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí yín. Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Fágbénró tẹjú mọ́ fìlà ọwọ́ rẹ̀. Qúdrát wò ó títí, èrò kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà bàbà nínú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Màá jí yín."

Bàbá tó tó bí i lọ́mọ náà dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Qúdrát jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kó tó ní, "Ẹ dìde, sà."

Nígbà tí Ìbítóyè gba ohun tí Qúdrát kọ, ó kọ́kọ́ ń fi ẹsẹ̀ jó bó ṣe ń kà á. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà dúró.

"Àkúdàáyà," ó ní. "O sọ ọ́ di àkúdàáyà."

"Ẹ ní kí n jí i dìde."

Nínú ohun tó kọ, Afinihàn kò gun kàǹga jáde. Ìlú onírin mìíràn tó jìnnà réré ni ó ti yọjú, pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí gbogbo òkú tó lọ tún ayé gbé níbòmíràn, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n nìkan ló lè gbé. Bí ará ìlú rẹ̀ kan bá rí i, tó sì fi orúkọ àbísọ rẹ̀ pè é, ó di dandan kó kúrò níbẹ̀.

"Ní Pàháyì, wọ́n á máa pe Fágbénró lórúkọ," Ìbítóyè ní. "Kì í ṣe èébú, kì í ṣe òkò. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni. Kí ló máa sọ pé wọ́n ṣe fún òun?"

"Kò sí ohun tó máa rí sọ."

"Ibodè sì wà ní títì. Ibo ló máa gbà?"

"Ó mọ ọ̀nà igbó."

Ìbítóyè gbé bébà náà sílẹ̀. "Qúdrát, ìwọ ni kí èèyàn má ṣẹ̀."

Síbẹ̀ Ìbítóyè ṣe eré náà. Qúdrát fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ohùn ẹni tó pe orúkọ náà. Kò pariwo. Ó pè é bí ìyá ṣe ń pe ọmọ kó wá jẹun. Fóònù ilé iṣẹ́ kò sinmi lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe rò ó náà ló rí. Àwọn ọlọ́kadà á rọra sún mọ́ Fágbénró, wọ́n á ní, "Fágbénró," wọ́n á sì kọjá. Láàárọ̀, ẹnì kan á dúró lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀, á pè é pẹ̀lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dáhùn pé, "Ta nìyẹn?" Nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Qúdrát gba Pàháyì kọjá. Ó ti ń fi "Ẹ kú ìrọ́jú" tó fẹ́ kí Rọ́fíàt dánrawò bọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí ó fẹ́ kó dùn lẹ́nu òun. Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Rọ́fíàt jókòó sí ìta, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ó ti lọ, Ìyá Toheebat," Rọ́fíàt wí kí Qúdrát tó sọ nǹkan kan. "Ó gbé báàgì kan, ó gba ọ̀nà Ẹ̀gùá. Kò ní kí n bá òun lọ."

Qúdrát fa báàgì rẹ̀ mọ́ra.

"Mo gbọ́ eré yín," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀. "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Wọ́n ní kò sí àkúdàáyà tí kì í fẹ́ ìyàwó níbi tó bá lọ. Wọ́n á tún bímọ síbẹ̀. Ibi tí ẹ fi í sí yẹn, ṣé ẹ ti fún un ní ìyàwó?"

Eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà nínú báàgì tí Qúdrát fi kọ́ èjìká. Nínú rẹ̀, Afinihàn ti fẹ́ obìnrin alákàrà kan, obìnrin náà sì ti lóyún.

"Rárá," Qúdrát dáhùn. "Kò ní ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ẹ ṣé," Rọ́fíàt wí, ó sì tún dojú kọ ẹ̀wà rẹ̀.

Qúdrát gba ilé iṣẹ́ lọ tààrà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa bébà náà yọ, ó mú báírò, ó fa ìlà gba orí alákàrà kọjá. Ó fa ìlà gba orí oyún rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó rí aládùúgbò tó fẹ́ yá Afinihàn ní ẹní, ó pa òun náà rẹ́. Ó pa ajá tó ń tẹ̀ lé e rẹ́.

Ìbítóyè wò ó láti ẹ̀yìn. "Kí ló wá kù fún un?"

"Ilé," Qúdrát dáhùn, kò dáwọ́ dúró. "Àti ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kì í kàn."