Ẹ Yọ Orúkọ Mi Kúrò

Ta ló sọ fún àwọn tó ń ta ọkọ̀ ojú omi pé Ìyá Tónítóní fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi? Obìnrin tó jẹ́ pé omi inú ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀! Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó gbé fóònù sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, ímeèlì wọn á ti jókòó dè é. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ọkọ̀ yín ti dé sí èbúté." Èbúté wo? Èbúté bàbá ta ni?

Alágbàfọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ìyá Tónítóní, torí aṣọ tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí tuntun ló ń rí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Tí wọ́n bá da ẹrù aṣọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kàn wò ó fìrí: funfun á bọ́ sápá kan, aláwọ̀ á bọ́ sápá kejì, èyí tí aró rẹ̀ ṣì ń ṣàn á wọnú báàfù lóun nìkan. Ó máa ń fi yangàn pé òun ò ba aṣọ aláṣọ jẹ́ rí.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ìyá tó bí i máa ń jókòó sí. Ìyá àgbà ló ń rán bọ́tìnnì tó bá já tẹ́lẹ̀, kí awọ tó bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ní báyìí, ọwọ́ ló fi ń mọ aṣọ, ohùn ló fi ń mọ èèyàn. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ kékeré á ká awọ náà kúrò, kí wọ́n máa retí ọjọ́. Nígbà tí akọ̀wé ilé ìwòsàn béèrè bí àwọn á ṣe kàn sí wọn, Ìyá Tónítóní ló ní kí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́, torí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kóun gbọ́ fóònù.

"Tójú mi bá là, orí ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò," ni ìyá máa ń sọ. "Wọ́n ní o ti hu ewú."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa, màámi. Orí mi ṣì dúdú."

Òun gan-an ló ń purọ́. Ewú ti gba gbogbo iwájú orí rẹ̀.

Òun náà ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wàhálà. Ó wá ọ̀rọ̀ nípa ojú tí awọ bò lórí fóònù, ó dé ibì kan tí wọ́n ti ní àwọn ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ló bá kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ fún wọn. Ìmọ̀ràn ò dé. Àwọn tó dé ni àwọn oníṣègùn ìkánsójú, àwọn onígíláàsì, àwọn tó ń mú irun hù lórí ọkùnrin tó pá lórí, àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wa yìí. Gbogbo wọn ló ń pè é ní ọ̀wọ́n. Ọ̀wọ́n ní ibo? Èèyàn tí kò mọ ilé rẹ!

Ní ìsàlẹ̀ ímeèlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ wínníwínní, bí ẹni tí ojú ń tì: tẹ ibí tí o kò bá fẹ́ kí á kọ̀wé sí ọ mọ́. Ìyá Tónítóní á tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní, "Ó dùn wá pé ẹ ń lọ. Ṣé ó dá yín lójú?" Á tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tún kọ ímeèlì láti sọ fún un pé àwọn ò ní kọ ímeèlì mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ òmíràn láti béèrè bóun ṣe gbádùn lílọ tóun lọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn àtàwọn àbúrò wọn á ti dé. Aláìlójútì gbogbo!

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, wá gba aṣọ rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tẹ nǹkan kan mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀, tẹ́ ẹ fúnra yín fún ní àdírẹ́sì, tẹ́ ẹ bá ní kó fi yín sílẹ̀, á fi yín sílẹ̀. Àwọn jàǹdùkú wọ̀nyí ńkọ́? Ẹ kàn ń dá wọn lóhùn pé èèyàn wà nílé ni. Wọ́n á wá tà yín fún àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ máa sọ wọ́n sínú pàǹtírí, kẹ́ ẹ kọjú síṣẹ́ yín."

"Ìwọ tí o ò lè fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ẹ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú ìdọ̀tí kúrò?" Ó yọ ṣùtì sí i. "Gba aṣọ ẹ, kó o máa lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì da gbogbo ímeèlì sílẹ̀ lójú fóònù bí ẹrù aṣọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ lápá kan. Àwọn onírun lápá kan. Gbogbo èyí tí wọ́n ya ojú aláwọ̀ búlúù sí lórí, oníṣègùn ìkánsójú nìyẹn, ẹ jáde! Kò ka ọ̀kankan. Ó kàn ń wò wọ́n fìrí, ó ń tẹ ìsàlẹ̀ wọn: yọ mí kúrò, yọ mí kúrò, yọ mí kúrò.

Nínú àwọn olójú búlúù yẹn, ẹyọ kan dá a lóhùn láìjanpata. "A ti gbọ́. A kò ní kọ̀wé sí yín mọ́." Kò bẹ̀ ẹ́, kò béèrè ìdí. Inú Ìyá Tónítóní dùn débi pé ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìwọ ọ̀mọ̀ràn! O ní wọn kì í gbọ́. Ọmọlúwàbí kan rèé láàárín wọn."

Òótọ́ ló sì sọ, ẹni yẹn ò kọ̀wé mọ́. Àwọn tó kù pọ̀ sí i bí ọṣẹ ṣe ń hó.

Ìyá àgbà ń béèrè ọjọ́, ọmọ rẹ̀ ń ní wọn ò tíì kọ̀wé. "Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oorun ni wọ́n ń sùn," ló máa ń wí. Nígbà tó yá, kò lè mú un mọ́ra, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀ ń dúró kí ìyá mi fọ́jú tán kẹ́ ẹ tó kọ̀wé ni?"

Akọ̀wé náà, ọmọdébìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, wo kọ̀ǹpútà, ó tún wò ó.

"A kọ ọ́, mà. Oṣù tó kọjá ni ọjọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ pé ká yọ yín kúrò. Ẹni tó bá tẹ ibẹ̀, a máa ń gbà pé kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà mọ́ ni. A ti fún ẹlòmíràn láyè."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ojú búlúù ńlá kan wà lórí ímeèlì náà, ó ń wò ó. Ẹnu Ìyá Tónítóní, ẹnu tí kì í sinmi, wá di ti ẹlẹ́bẹ̀.

"Ẹ wá fi wá síbì kan, ẹ̀gbọ́n mi... mo ní, ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yìn ìlà ni, mà. Ó máa di ọdún tó ń bọ̀."

Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbà fọwọ́ wá àga rẹ̀, ó jókòó. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìtìjú ń jẹ ẹ́ bí iná. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé irun orí tirẹ̀.

"Màámi, ó ti funfun. Ọjọ́ pẹ́ tó ti funfun. Ẹ má bínú sí mi."

Ọwọ́ ìyá rìn láti iwájú orí dé ìpàkọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó ti ń wá èyí tó máa sọ, fóònù dún lórí tábìlì.

"Ta nìyẹn?"

Ìyá Tónítóní nu ojú, ó wò ó. "Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, màámi."

"Hùn," ni ìyá àgbà wí. "Àwọn yẹn ò gbàgbé wa."