Olè Tí Kò Lè Bú Èèyàn

Ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ ìdajì owó bánkì kí Losi tó pariwo.

"Ẹ mú un! Ẹ gba owó wa lẹ́nu ẹ̀!"

Olè méjì àti ọlọ́pàá kan lé ẹlẹ́dẹ̀ náà gba inú oko kókò lọ. Fuatino kò kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà rẹ̀. Ó pa á, ó nu ojú rẹ̀, ó sì fi ìka tọ wáyà máìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú káàkiri erékùṣù Savai'i. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ gan-an, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń tọ wáyà. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo òkú tó ti bá wọn yà, kò sí èyí tó yọ ọ́ lẹ́nu tó fíìmù yìí.

Fíìmù olè ni. Losi, ọmọkùnrin àbúrò bàbá rẹ̀, ló kọ ọ́, òun ló ń darí rẹ̀, òun náà ló sì ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ilé ìpàdé àwọn obìnrin ni wọ́n fi ṣe bánkì. Òpó àti òrùlé nìkan ló ní, kò ní ògiri, débi pé olè lè gba ibi tó bá wù ú wọlé. Síbẹ̀ Losi ní dandan ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn. Wọ́n wá gbé ilẹ̀kùn kan dúró láàárín òpó méjì, ọlọ́pàá kan sì lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń dì í mú. Igi bẹrẹfúùtù tí wọ́n fi pólíìṣì bàtà kùn ni ìbọn wọn. Àǹtí Sivai, akọ̀wé bánkì, wọ aṣọ pupa olódòdó ní òwúrọ̀. Nígbà tó jẹun ọ̀sán tán, omi àgbọn dà sí i lára, ó sì lọ wọ aṣọ búlúù.

"Àǹtí, ẹ ò lè pààrọ̀ aṣọ láàárín olè jíjà kan ṣoṣo," Fuatino sọ fún un.

"Ṣé kí n wá fi aṣọ tó dọ̀tí gba àlejò ni?"

"Olè ni wọ́n, Àǹtí!"

"Àlejò náà ni wọ́n."

Aago mẹ́rin ti kọjá. Ìran kan ṣoṣo ló kù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: ọ̀gá olè máa gun orí tábìlì, á fa ìbòjú ya kúrò lójú, á sì jágbe mọ́ gbogbo bánkì. Petaia, àbúrò Fuatino ọkùnrin, ni ọ̀gá olè. Nínú gbogbo ìran yòókù, àpò ìyẹ̀fun ló bò ó lójú. Bí wọn ò bá ya èyí lónìí, kò ní sí ojú Petaia nínú fíìmù náà rárá, nítorí tó bá di òwúrọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ ojú omi máa gbé e lọ sí Apia, ọkọ̀ òfuurufú á sì gbé e lọ sí Ọsirélíà. Iṣẹ́ ilé ìpẹran ló ń lọ ṣe, fún ọdún mẹ́ta. Màmá wọn ti sọ pé òun á máa wo fíìmù náà ní gbogbo Sátidé títí á fi dé. Bí wọ́n bá sì fọn ìkarahun àdúrà ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn lójú ọ̀nà mọ́, pásítọ̀ á sì gba pikọ́ọ̀pù rẹ̀ tí àwọn olè fẹ́ fi sá lọ.

"Ìran kẹtàlélógún, ìgbà kẹjọ," ni Fuatino sọ.

Petaia ta ilẹ̀kùn nípàá. Ilẹ̀kùn wó lu ọlọ́pàá tó dì í mú. Ó fò sórí tábìlì, ó fa àpò ya, ó na ìbọn, ó la ẹnu. Ó wo kámẹ́rà. Ó wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ bá wa gbé owó yẹn wá."

"Kò burú, ọmọ mi," Àǹtí Sivai dáhùn. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ẹ dúró!" Losi sọ fìlà ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. "Petaia! Olè ni ẹ́! O wá dúró bí ẹni tó ń gba ọrẹ nínú ìjọ! Sọ ohun tí mo kọ!"

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré!"

"Ìwọ náà sọ ọ́, ká gbọ́."

Losi la ẹnu. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí Fuatino. Ó pa ẹnu dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ní abúlé yẹn, májẹ̀mú ni arábìnrin jẹ́ fún arákùnrin rẹ̀, títí kan ọmọ àbúrò bàbá, wọn kì í sì í sọ ìsọkúsọ níwájú májẹ̀mú. Losi jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń wu olè í sọ, kò sì rántí pé olè òun ní ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Wọ́n gbé kámẹ́rà fún ọ̀kan nínú àwọn olè. Òrùlé nìkan ló yà. Fuatino kẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ di ikọ́ lẹ́nu Petaia. Fuatino fi òwú dí etí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," Petaia wí, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Etí yín náà ṣì ni."

Inú bí Fuatino sí gbogbo wọn: sí Losi, sí aṣọ búlúù, sí ẹlẹ́dẹ̀ tó tún ti padà wá. Èyí tó wá bí i nínú jù ni pé òun ni ìdíwọ́. Òun tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ wá ojú àbúrò rẹ̀ fún ìyá wọn, òun náà ló ń lé ojú yẹn sá. Oòrùn sì ti ń pọ́n.

Ó gbé kámẹ́rà lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi ẹfun fa ìlà sórí tábìlì.

"Petaia, má kúrò lórí ẹfun yìí. Losi, jẹ́ kí n dé etí òkun kí o tó pàṣẹ. Kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn."

Ó tẹ bọ́tìnnì pupa tí kámẹ́rà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yà, ó sì kánjú kúrò níbẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá rẹ̀ kọjá, ó gba iwájú ilé ìsìn, títí ó fi dé ibi tí omi ti ń lu òkúta. Ó rò pé ìró omi á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò bò ó. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ohùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àdán fò kúrò lórí igi, ajá mẹ́ta gbó. Ohùn ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Petaia ti ń gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó gbé omi gbígbóná kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn.

Nígbà tó padà dé, Losi ń jó. Àǹtí Sivai di àyà mú.

"Ọmọ yìí! Díẹ̀ ló kù kí n kó owó tèmi gan-an fún un!"

Petaia dá dúró sídìí òpó, kò gbójú sókè.

Fuatino ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, ó wo ohun tí kámẹ́rà yà. Ojú Petaia kún inú àwòrán náà, eyín, òógùn, àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Kò sí ohùn. Ó tún un wò. Kò sí ohùn. Ó tọ wáyà. Ìdí rẹ̀ ń bẹ lórí ẹní, kò sí nínú ihò kámẹ́rà.

Ìkarahun dún láti òkè abúlé. Àwọn ọkùnrin ti ń tò sẹ́bàá ọ̀nà láti dá èrò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Petaia pè é jẹ́jẹ́, "ṣé ó wọlé?"

"Ojú rẹ wọlé dáadáa."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan."

Petaia mí kanlẹ̀. Losi á rí nǹkan ṣe sí ẹnu tó là tí kò fọhùn. Àléébù tó ju ìyẹn lọ ti wà nínú fíìmù náà.

Olè àti ọlọ́pàá ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú bánkì, wọ́n ti ìbọn wọn sẹ́yìn. Àǹtí Sivai dá orin ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbè é. Ohùn Petaia bọ́ sábẹ́ gbogbo ohùn yòókù, ó jinlẹ̀, ó gbé wọn ró, bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ilé ró.

Wáyà náà ṣì wà lọ́wọ́ Fuatino. Ọdún mọ́kànlá, kò gbàgbé láti tọ̀ ọ́ rí. Kò gbàgbé rẹ̀ lẹ́bàá ibojì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Kó tó dijú fún àdúrà, bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó sì rọra ki wáyà náà bọ ihò rẹ̀.