Ojú Ìwé Ọmọ Erin

"Yọ ibi tó gbẹ̀yìn yìí kúrò," ni ọ̀gá wí. Ó fa àga sún mọ́ òǹkọ̀wé náà, ó sì nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ibi tí ọmọ erin ti kú. Àwọn ọmọdé ló ń ka ìkànnì wa, àbúrò."

Obìnrin náà kò gbójú kúrò lára ohun tó kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ̀wé nípa ẹranko fún àwọn ọmọdé lórí ayélujára: ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí wọ́n ń sùn, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ wọn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ débi pé Àǹtí Ẹranko ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ayàwòrán tí wọ́n jọ ń jókòó máa ń sọ pé bí kìnnìún bá ya wọlé, Àǹtí Ẹranko á kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, ayàwòrán kì í bá a ṣàwàdà mọ́.

Ọmọkùnrin ló bí. Oṣù ọmọ náà kò pé, inú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ móoru ló wà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Òun náà á ní ẹ ṣeun. Kò sí ẹni tó bi agbè léèrè bó ṣe ń ṣe é.

"Òótọ́ ni mo kọ, ọ̀gá. Bí ọmọ erin bá kú, ìyá ẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀. Á máa fi imú gígùn yẹn kàn án, á máa wò ó bóyá òun á lè gbé e dìde."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni." Ohùn ọ̀gá rọ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ là ń sọ lójú ọmọdé. Kọ ọ́ pé ó rẹ ọmọ erin náà, ó dùbúlẹ̀, ó sùn."

"Ó sùn?"

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ọmọ tó bá kà á pé ó sùn, á máa retí kó jí." Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ borí nínú iyàn. "Ojoojúmọ́ lá máa padà wá wò ó. Àwa tá a sọ ọ́ á ti gbàgbé, òun ò ní gbàgbé. Á máa dúró. Kò sì sẹ́ni tó máa..."

Ọ̀gá dúró kó parí ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ sí i lọ́kàn, ọmọ ọdún méje. Lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn lọ́wọ́ òfo, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà ti pàdé wọn, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn wọn. "Àbúrò mi ńkọ́?" Ọkọ ló dáhùn pé ó ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà, bí ara rẹ̀ bá le, á wálé. Ìyá gbọ́, kò já a nírọ́. Ká sòótọ́, irọ́ náà tu òun gan-an lára. Ó kéré tán, lọ́kàn ẹnì kan nínú ilé yẹn, ọmọ náà ṣì wà láàyè.

"Àbúrò, kí ló dé?" ọ̀gá béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ tètè lọ sílé."

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀, kò sì wádìí mọ́. "Máa lọ. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èmi náà á tún un kà."

Nígbà tó délé, ọmọ náà wà nílẹ̀ pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ó la kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Ìkànnì ìyá rẹ̀ ló ń kà.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Èwo la máa kọ́kọ́ fi han àbúrò, ọ̀bọ ni àbí ẹṣin? Dádì ní ẹṣin. Ọ̀bọ lèmi rò pé á pa á lẹ́rìn-ín."

Ìyá jókòó tì í nílẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti dádì rẹ ò sọ fún ẹ bó ṣe yẹ."

Ọkọ rẹ̀ ti yọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ọṣẹ ìfọwo ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Jọ̀ọ́, ìyá ọmọ," ó ní. "Kì í ṣe òní."

"Ìgbà wo wá ni?"

Ìyá yíjú padà sí ọmọ.

"Àbúrò rẹ ò sí lọ́dọ̀ dókítà mọ́," ìyá wí. "Ó ti kú. Ká tó padà wálé lọ́jọ́ yẹn ló ti kú. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn. Kò ní wálé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wo ìyá, ó wo bàbá.

"Dádì mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Màmá àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

"Tíṣà mi?"

Ìyá mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo ti ń sọ ní kíláàsì pé ó máa dé," ọmọ náà wí. "Tíṣà á kàn fọwọ́ pa mí lórí." Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Ṣé ẹ gbé e rí?"

"Mo gbé e."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Irun rẹ̀ pọ̀. Etí rẹ̀ jọ tìẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kéré, ìka mi kan ṣoṣo ló lè dì mú." Ó fi ìka náà hàn án. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé òun àti ọmọ lọ, tí wọ́n dì mọ́ra wọn.

Ọkọ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá jókòó tì wọ́n nílẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ó máa ń sín," ó ní. "Bó bá ti sín lẹ́ẹ̀kan, á tún sín. Lẹ́yìn náà á wá máa wò wá, bí ẹni pé àwa la fà á."