Ìbàdí Ṣòkòtò Télọ̀

Bí ẹlòmíràn bá sanra, ṣòkòtò rẹ̀ á ké gbàjarè. Tèmi kò rí ẹnu ké, nítorí télọ̀ ni mí. Kó tó sọ̀rọ̀, mo ti tú ojú rírán rẹ̀, mo ti fẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èyí tó ṣeé fẹ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àjákù aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀wù máa ń bò. Mo wá ń sọ fáyé gbọ́ pé ṣòkòtò tí mo fi gbéyàwó ni mo ṣì ń wọ̀. Irọ́ kọ́ o. Òtítọ́ tó gba àbùlẹ̀ ni.

Ìyàwó mi ló máa ń rán bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àga rẹ̀ dojú kọ ẹ̀rọ mi. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń da ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sọ́fun láti àárọ̀.

"Ẹ̀rọ lẹ̀ ń rọ epo sí ni, àbí ara yín?"

"Ṣúgà ni agbára, ìyàwó." Ẹ ò rí i pé ọ̀mọ̀wé ni mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà ẹ̀rọ, mo figbe ta. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti wú, ó pọ́n bí ata. Mo ní bàtà ni.

"Ṣé bàtà ọ̀hún lẹ wọ̀ sùn ni?"

Mo ní pẹ́dà ni. Ó wo pẹ́dà, ó wò mí, ó lọ mú báàgì rẹ̀.

Dókítà tó gbà wá nílé ìwòsàn, ọmọdébìnrin tí mo lè bí ni. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, ó ní ìdọ̀tí kan tó yẹ kí kíndìnrín máa gbọ̀n dànù, tí wọ́n ń pè ní yúríìkì ásíìdì, ti pọ̀ jù lára mi, ó sì ti dì bí iyanrìn sí oríkèé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ó kù. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ń gòkè. Kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀."

"Ẹnu ọ̀nà? A dúpẹ́, n ò tíì wọlé nìyẹn!"

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ ṣúgà ló fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọkùnrin tó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ láìwò ó ló wá ń fọwọ́ wá ògiri kiri.

"Ṣé ìbàdí yín ti fẹ̀ sí i?" ni dókítà bi mí.

"Rárá o. Ṣòkòtò ìgbéyàwó mi ni mo wọ̀ yìí."

"Ẹ dìde," ni ìyàwó mi wí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ká ẹ̀wù mi sókè, ó ti yí ìbàdí ṣòkòtò síta. "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Aláwọ̀ eérú yìí, àjákù kóòtù agbẹjọ́rò ni. Èyí, ti olùkọ́ àgbà. Aláwọ̀ ewé yìí, kọ́tìnnì ni!"

Dókítà fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà wá rí ara mi: àgbàlagbà tó fi abẹ́rẹ́ rán ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ lẹ́nu pa.

"Ọkọ mi," ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "bí ojú yín bá lọ, ta ni yóò máa fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún yín?"

A ṣe àdéhùn: bí ikùn bá ṣe ń fà, èmi fúnra mi ni n óò máa tú àbùlẹ̀ kúrò. Mo lo oògùn, omi rọ́pò igo ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí wíwú ẹsẹ̀ wálẹ̀, à ń rìn nírọ̀lẹ́, èmi ń kùn, òun ń dá mi lóhùn. Kọ́tìnnì ló kọ́kọ́ lọ, olùkọ́ àgbà tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, yúríìkì ti wálẹ̀, ṣúgà ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ tú ti agbẹjọ́rò, ìyàwó mi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀, kó máa jẹ́rìí."

Ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀ lọ sinmi. Ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mo wà báyìí, ibi tó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ra ṣòkòtò onírọ́bà níbàdí fún mi.

"Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ̀ lòun náà á máa fẹ̀. Ẹ ò ní rán nǹkan kan mọ́."

Mo fà á, ó fẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé n ò fà á rí. Òpùrọ́ yìí mà ju èmi lọ! Mo ní kó dá a padà. Mo wá ṣòkòtò ìgbéyàwó mi jáde nínú àpótí, mo de bọ́tìnnì tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ rán. Ó fún mọ́ mi níkùn díẹ̀.

Mo da ẹlẹ́rìndòdò tó tún ti padà sínú ife mi nù, mo wá bàtà mi, mo jáde lọ rìn.