Ọkọ Mi Kì Í Dá Ìpè Lóhùn

Bí mo bá pe ọkọ mi láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn. Mo lè pè é títí ọ̀fun mi á fi bó, kò ní wí nǹkan kan. Yóò kọ́kọ́ dìde, yóò wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, yóò wò mí dáadáa, ìgbà yẹn ni yóò tó ní, "Hẹn, Mùyìbá. Ìwọ lo pè mí?" Ta ni kò bá tún jẹ́? Yàrá méjì péré la ní ní San Salvario, ní ìlú Torino níbí. Èmi, òun àti Fathiyyah ọmọ wa ló wà níbẹ̀, Fathiyyah ò sì ní pe bàbá rẹ̀ ní "Bàbá Fathiyyah".

Ìlú àwọn apẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Sùlèímọ̀n sí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí kùrukùru bá bo èèyàn lójú omi, tó wá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dáhùn títí yóò fi rí ojú ẹni tó ń pè é. Wọ́n ní nǹkan kan wà lójú omi tó máa ń yá ohùn èèyàn lò. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan dáhùn nígbà kan, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ohun tó máa ń sọ fún mi nìyẹn bí mo bá bínú. Èmi náà á ní, "Ṣé ilé ìdáná mi ló wá di ojú omi?" Ará Ìbàdàn ni mí, ẹ jọ̀ọ́. Àwa ò mọ irú ìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ìpè tí kì í dáhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di opó.

Bí ìgbà ooru bá ti lọ, tí ewé igi ń rẹ̀ dànù, orí ọkọ mi a máa yí padà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n odò Po ló wà lọ́kàn rẹ̀. Á máa ròyìn odò fún mi bíi pé mo bi í. Wọ́n ti fòfin de ẹja trota, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọdún á fi yí. Omi ti ń tutù, àwọn ẹja kéékèèké ti ń sá lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n siluro, ẹja ńlá onírùngbọ̀n tó jọ ẹja àrọ̀ wa, ìgbà yìí gan-an ló ń jẹun bí ẹni tó ń jẹ sààrì, nítorí òtútù tó ń bọ̀. Bí omi bá tún wá pọ́n díẹ̀, tó dàrú díẹ̀, áà, ìgbà yẹn ni kéèyàn ju ìwọ̀ sódò! Àwọn òyìnbó ìhín ò ka siluro sí ẹja gidi. Wọ́n ní ó ń rùn bí ẹrẹ̀, wọ́n ní ó máa ń gbé ẹyẹlé mì. Àwa ń sè é lọ́bẹ̀ ata, a sì ń lá ìka.

Mi ò bá ẹja jà. Ìkòkò ló dá ìjà sílẹ̀. Ìkòkò tí ìyá mi fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ ní Ítálì ni, itan mi ni mo gbé e lé nínú bàálù. Mo ṣí i lọ́jọ́ Sunday kan kí n fi gbé ìrẹsì kaná, ekòló ló kún inú rẹ̀. Ekòló! Wọ́n ń yí lórí ara wọn nínú iyẹ̀pẹ̀ tútù. Sùlèímọ̀n ní ike òun ló fọ́, pé òun máa fọ ìkòkò náà. Mi ò bá a jà, mi ò pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn ló burú jù. Mo yan odì.

Èmi tí ìyá mi ti ń kìlọ̀ fún láti kékeré pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo panu mọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀, Fathiyyah ni mò ń rán: "Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti jinná." Ọmọ náà á ní, "Mamma, è qui davanti a te!" Mo mọ̀ pé ó wà níwájú mi. Mi ò fọ̀ fọ́nran ọ̀rọ̀ sí i.

Láàárọ̀ Saturday, Fathiyyah ń wo fóònù rẹ̀ nídìí tíì. Ó ka ohun tí àwọn apẹja kọ síbẹ̀ sókè: òjò ńlá ti ń rọ̀ láti àná lórí àwọn òkè Cuneo, níbi tí odò Po ti ń ṣàn wá, Po ń kún bọ̀. Mo ní, "Sọ fún bàbá ẹ kó má lọ." Ó sọ fún un. Sùlèímọ̀n lọ sójú fèrèsé, ó gbójú sókè. Kò sí ẹ̀kán òjò kan ní Torino.

"Sọ fún ìyá ẹ pé mi ò rí òjò. Bí omi bá tiẹ̀ ń gòkè, ẹja ló ń gbé bọ̀."

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Omi ọ̀sà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó máa ń fún èèyàn láyè kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ tòun ti ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mò ń fọ abọ́. Mi ò yíjú. Ó bá lọ.

Akínbọ̀dé ló pè mí lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ni, òun àti Sùlèímọ̀n ló jọ máa ń lọ pẹja. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ létí odò ní Carignano. Omi ti ká Ẹ̀gbọ́n mọ́." Ó ní orí ilẹ̀ olókúta wẹẹrẹ kan láàárín odò làwọn ti ń ju ìwọ̀, ẹsẹ̀ làwọn fi rìn débẹ̀ nínú omi tí kò dé orúnkún. Òun padà sídìí mọ́tò kí òun lọ gbé fúláàsì tíì. Kí òun tó yíjú, kùrukùru ti bolẹ̀, ibi tí àwọn fẹsẹ̀ gbà ti di alagbalúgbú omi, òun ò sì rí Ẹ̀gbọ́n mọ́. Fóònù Ẹ̀gbọ́n wà nínú mọ́tò.

Yéè! Mo wọ bàtà lódì. Odì kọ́ ló kù mọ́, a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ibàdí. Mo kó sínú tákísí, mò ń ké "Lá ìláà" láti Torino títí a fi dé etí odò.

Àwọn vigili del fuoco, àwọn panápaná, ti wà níbẹ̀ tàwọn ti ọkọ̀ rọ́bà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Giulia ni ọ̀gá wọn. Ó dì mí lápá mú, ó rọra ṣàlàyé: ilẹ̀ olókúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú odò níbẹ̀, omi sì ti bo òmíràn. Elikọ́pítà ò lè fò nínú kùrukùru. Bí ọkọ̀ bá já sódò tó ṣìnà, àgbàrá á gbé e kọjá, kò ní lè padà gòkè lásìkò. "A fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, signora, ká lè mọ ọ̀nà tí a máa gbà. A ti ń pè é, kò dáhùn." Ó wolẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. "Sulaimon Oyekanmi!" Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù, tí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn náà wọnú kùrukùru, ó ń ti ọ̀tún bọ̀, ó ń ti òsì bọ̀. Akínbọ̀dé náà gbà á, ó pè, "Ẹ̀gbọ́n Sùlè! Ẹ̀gbọ́n o!" Kò sí nǹkan kan. A kàn ń gbọ́ omi, àti àwọn ìtì igi tí omi ń gbé tí wọ́n ń kọlu ara wọn.

Akínbọ̀dé ti ń sunkún. "Àǹtí, ó kígbe pè mí lákọ̀ọ́kọ́, mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí a ti ń fi nǹkan yìí pè é, kò fọhùn mọ́."

Ọkùnrin yìí ò tíì kú. Ó ń gbọ́ wa. Ó ń gbọ́ wa, kò ní dáhùn!

Mo já ẹ̀rọ náà gbà. "Bàbá Fathiyyah! Èmi ni o! Èmi Mùyìbátù ni!" Kẹ́kẹ́ pa. Ṣebí ohun tí ànjọ̀nú ojú omi náà á sọ nìyẹn, tó bá fẹ́ yá ohùn mi lò. Mo bojú wo ilẹ̀. Igi tí àwọn panápaná rì mọ́ etí omi kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń gòkè, mi ò rí orí rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Giulia létí, Giulia mi orí. Kí ni mo lè sọ tí nǹkan ojú omi ò lè mọ̀? Ẹ̀rù bà mí débi pé ó di ìbínú, inú sì bí mi débi pé mi ò rí èèyàn níwájú mi mọ́. Mo kọjú ẹ̀rọ náà sí ọkọ mi lójú odò.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ panu mọ́ bí ẹni tó jí ẹran! Ìkòkò ìyá mi tí ẹ kó ekòló sí, ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé ni? Ẹ ní ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ ti fọ̀ ọ́? Ó ṣì wà lóde fèrèsé níbẹ̀! Ta ló ń wọ́n omi sí ekòló yín kí wọ́n má bàa kú? Èmi ni! Èmi tí mò ń yan odì! Ẹ̀yin lẹ wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ gun kápẹ́ẹ̀tì mi lọ́jọ́ Iléyá, ẹ ní Akínbọ̀dé ni! Ẹ máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ ní èmi ló ń hanrun! Ẹ dán an wò kí ẹ kú síbẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ojú yín máa rí lọ́wọ́ mi!"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mò ń mí gúlegúle. Lẹ́yìn náà, láti ọwọ́ òsì, níbi tí ẹnì kankan ò fọkàn sí, ohùn kékeré kan tó ti há wá.

"Hẹn, Mùyìbá. Ìwọ lo pè mí?"

Giulia nawọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ rọ́bà sì já sódò. Ó kígbe sí mi kí n má dákẹ́. Èmi, kí n dákẹ́! Mo bú aṣọ tó wọ̀, mo bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo bú siluro àti ìyá tó bí siluro. Bí mo bá sọ̀kan, á ní "Hẹn", ọkọ̀ á sì tẹ̀lé ohùn náà. Nígbà tó yá, "Hẹn" rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo sọ̀rọ̀, mo dúró, mo tún sọ̀rọ̀, mo dúró. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìdí ìtì igi kan tó há sáàárín òkúta ni wọ́n ti bá a, ó dì mọ́ ọn, omi ti dé àyà rẹ̀. Wọ́n gbé e gúnlẹ̀, wọ́n fi aṣọ fàdákà wọn yẹn wé e bí ọmọ tuntun.

Giulia bi mí pé, "Signora, kí lẹ sọ fún un?"

Mo ní, "Àdúrà ni." Akínbọ̀dé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Eyín Sùlèímọ̀n ń gbá ara wọn. "Mo gbọ́ orúkọ mi lọ́tùn-ún lósì, mo ní ó ti dé. Mo gbọ́ ohùn Akin, mo ní ó ti yá a lò. Nígbà tó wá di 'Bàbá Fathiyyah', Mùyìbá, ẹkún ni mo sun, torí pé ó mọ èyí tó máa wù mí láti dá lóhùn." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ànjọ̀nú wo ló lẹ́nu tó báyìí?"

Lẹ́yìn náà ló ní, "Láàárọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní o pariwo mọ́ mi ni, mi ò bá tí lọ."

Nígbà tí wọ́n gbé wa sínú áńbúláǹsì, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kó sinmi, mi ò dá a lóhùn. Láti Carignano títí a fi dé ọsibítù, mi ò dákẹ́. Ojú Sùlèímọ̀n wà ní dídì ní gbogbo ìgbà náà, kò wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ pátá, kò sí èyí tí kò dáhùn.