Ẹsẹ̀ Bàbá Dẹ́rẹ́bà

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà rí Bàbá Dẹ́rẹ́bà fín. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n fi sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni balógun ẹgbẹ́ wí, bí bọ́ọ̀sì ṣe dúró síwájú gbọ̀ngàn àwọn tí wọ́n wá bá figagbága. "Kì í ṣe pé a ní nǹkan kan sí yín. Ẹ ṣáà bá wa jókòó sínú bọ́ọ̀sì."

"Kí ni mo ṣe? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo tiẹ̀ wọlé wò yín ná?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n nà wá. Ọjọ́ tí táyà yín jò, tí ẹ ò ráyè wọlé, ọjọ́ yẹn nìkan la borí nílé onílé."

Bàbá wojú akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, obìnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Fèrè nítorí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bóyá yóò gbè é nídìí. Màmá Fèrè gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ka bọ́ọ̀lù inú àpò. Ìyẹn ló dùn ún jù. Obìnrin tó kàwé tó báyẹn!

Bí wọ́n bá fìdí rẹmi lónìí, wọn ò ní dé àṣekágbá, ìrìn àjò ìkẹyìn wọn ní sáà ìdíje náà nìyẹn. Fún Bàbá Dẹ́rẹ́bà, ìkẹyìn ni bó ti wù kó rí, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni yóò fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélógún ló fi wakọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ yìí, kò forí bọ́ọ̀sì sọ igi rí, kò gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà rí. Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ burúkú ni wọn yóò wá máa fi rántí rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọbẹ̀ bá jóná báyìí, yóò ní, "Ṣé ẹ yọjú sí ilé ìdáná ni?"

Ó jókòó. Ó ń gbọ́ ariwo láti inú gbọ̀ngàn, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ariwo àwọn ọmọ tirẹ̀, nítorí èèyàn méjìlá kò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjókòó sú u, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá abẹ́ àga. Abẹ́ àga balógun ló ti rí awò ojú ọmọ náà, èyí tó ní rọ́bà tó fi ń dè é mọ́rí bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ tí kì í mọ ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí fèrèsé bí kò bá lo awò! Bàbá pe Màmá Fèrè lórí fóònù. Fóònù dún lórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn bóyá yóò rí ẹni rán, ṣùgbọ́n ọdẹ ẹnu ọ̀nà pàápàá ti wọlé lọ wòran.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá wọ ọjà yìí tí àwọn ọmọ sì fìdí rẹmi, ta ni yóò gbà pé awò ló gbé e wọlé? Bàbá rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. Ó pinnu níkẹyìn pé ẹni tó wọlé tí kò wo nǹkan kan, a kò lè ní ó wòran. Ó gbé aṣọ ìnura tó fi ń nu gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì, ó fi bo orí dé àgbọ̀n, ó kẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn wọlé.

Ẹ bá mi wo àgbàlagbà! Ó fìdí gbá tábìlì, ìgò omi fọ́n ká. Ó fẹ̀yìn lu ọkùnrin gíga kan, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," láìmọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọ̀tá ni. Ẹ̀rín bo gbogbo ilé, adájọ́ eré sì dá eré dúró.

"Bàbá? Kí lẹ wá ṣe níbí?" Ohùn balógun nìyẹn.

"Èmi kọ́. N ò sí níbí. Gba awò ẹ."

Màmá Fèrè tì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ ò gbọdọ̀ wo nǹkan kan o!" ló wí. Ìdá kẹrin eré ni wọ́n wà, ayò mọ́kànlá ni wọ́n sì fi wà lẹ́yìn.

N kò ní parọ́ fún yín. Ihò kan wà lára aṣọ náà, níbi tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ti jó o lọ́jọ́ kan, ọ̀gangan ojú òsì Bàbá gan-an ló sì bọ́ sí. Bàbá di ojú. Ó gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń dún gbì, gbì, gbì, ojú náà là fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí balógun jù wọ àwọ̀n. Ẹ̀rù bà á, ó tún di ojú. Ó là á, bọ́ọ̀lù tún wọlé. Láti ìgbà náà, kò dì í mọ́. Ayò mọ́kànlá di márùn-ún, márùn-ún di ọ̀kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì, balógun fò sókè, bọ́ọ̀lù yí etí irin po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì já sínú àwọ̀n. Bàbá ki aṣọ bọ ẹnu kó má baà ké.

Inú àwọn ọmọ dùn dé bọ́ọ̀sì, àfi bí wọ́n ṣe wo Bàbá tí àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. "Bàbá ò rí i o!" Wọ́n ní àwọn yóò ṣe é fún un wò. Ẹni tó ga jù gbé korobá sókè, balógun ká ìbọ̀sẹ̀ méjì pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, ó jù ú, ó tàsé. Ó tún jù ú, ó tún tàsé.

"Ọwọ́ òsì mà lo fi jù ú nínú gbọ̀ngàn," ni Bàbá wí, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Rárá, mo kàn méfò ni."

Balógun ti awò rẹ̀ sókè lórí imú, ó mú aṣọ ìnura lórí àga dẹ́rẹ́bà, ó tẹ́ ẹ wò. Ó fi ojú sí ihò náà, ó sì ń wo Bàbá láti inú rẹ̀.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti ń wò?"

"Látìgbà tó ku mọ́kànlá," ni Bàbá fèsì. Ojú tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ojú tó ń tì í lọ.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Màmá Fèrè ni kò tíì gbójú sókè. Ó tún ti ń ka bọ́ọ̀lù.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbá àṣekágbá," ni balógun wí. "Ẹ máa wá, Bàbá."

"Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Dẹ́rẹ́bà tuntun ló máa gbé yín lọ."

"Bàbá, ta ló ń pe dẹ́rẹ́bà? Ẹsẹ̀ yín là ń pè."